Omi Àdúrà Lórí Ẹ̀rọ Èlùbọ́

Ta ni yóò sọ fún Tẹjúmọ́lá pé kó má da omi àdúrà sórí ẹ̀rọ èlùbọ́ ọmọ rẹ̀? Ẹnu ta ni wọ́n á ti gbọ́ ọ? Àràárọ̀, kí Níyìolúwa tó tan ẹ̀rọ lọ́jà Bódìjà, ìyá rẹ̀ á ti dé tòun ti sùtánà funfun àti ike omi tí wòlíì ti gbàdúrà sí. Á wọ́n ọn yí ẹ̀rọ ká, á wá da ìyókù sí ibi tí ọ̀pá irin ti ń yí gan-an, nítorí ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀mí ẹ̀rọ wà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́ta, Níyì nìkan ló kù fún un. Kí ni kò ní fi dáàbò bò ó?

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó sì ń gbọ̀n. Abdulmojeed, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Àgbówó, pààrọ̀ bíárìn tí ọ̀pá irin náà ń yí nínú rẹ̀. Kò pé oṣù méjì, ariwo tún dé.

"Ayé ni!" Tẹjúmọ́lá figbe ta. "Wọ́n ti rí i pé ọmọ mi ń jẹun!" Ó sọ omi ike kan di méjì. Níyì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, bíárìn náà gan, kò yí mọ́. Ọ̀pá irin kán, bẹ́líìtì fò yọ, ó wé mọ́ apá ọ̀tún Níyì níbi tó ti ń nawọ́ láti pa ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, apá náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n gé e níbi ìgúnpá. Háà! Ọmọ tó ń dá gbé odindi àpò èlùbọ́!

Lọ́jọ́ kejì, Tẹjúmọ́lá gba ọ̀dọ̀ Abdulmojeed lọ, ìjà ló bá lọ.

"Irú jákujàku bíárìn wo lo kì bọ ẹ̀rọ ọmọ mi?"

Ọkùnrin náà kò jà. Ó tú bíárìn tó bàjẹ́ náà, tó ti lọ yọ lára ẹ̀rọ, sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Gírísì inú rẹ̀ ti funfun bí ògì, àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ ti dógùn-ún, ara wọn ti họ yánnayànna.

"Omi ni, Màmá. Omi ló fọ gírísì dànù. Irin wá ń ha irin, ó ń gbóná, títí ó fi gan."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo sọ fún Níyì nígbà tí mo pààrọ̀ ti àkọ́kọ́. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, pé inú yín á bàjẹ́, pé òun á máa nù ún tẹ́ ẹ bá ti lọ. Èmi mùsùlùmí ńkọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tẹ́ ò ní sọ pé ìjọ yín ni mò ń bú?"

Tẹjúmọ́lá kò mọ bó ṣe dé ilé ìwòsàn. Ojú ń tì í. Níyì gbìyànjú láti dìde jókòó kí ó lè kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì."

Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. "Níyì, èmi ni mo gé ọ lọ́wọ́."

Ó ń retí kí ọmọ náà sọ pé rárá. Níyì wo ojú rẹ̀ títí. Kò sọ ọ́.