Omi Ẹran Bakitéríà

Láti ìgbà tí Mùkáílà ọkọ rẹ̀ ti kú, Mujeebah kò gbé ìkòkò kaná mọ́. Búrẹ́dì àti gààrí ló fi ń tan ikùn jẹ. Àmọ́ kò fi ebi pa bakitéríà rí.

Mùkáílà ló rí bakitéríà yìí nínú iyẹ̀pẹ̀ oko kan ní Olúpọ̀nnà, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò yunifásítì. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Ìwọ̀nba tó wà nínú ìgò kékeré kan tí Mujeebah ń tọ́jú nílé nìkan ló ṣẹ́kù láàyè nínú iṣẹ́ ọwọ́ Mùkáílà, ìgò náà sì ti ń gbẹ. Bí kò bá rí oúnjẹ tuntun lọ́jọ́ náà, kíkú ni yóò kú.

Yunifásítì wà nísinmi, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ bakitéríà sì ti tán. Ni Mujeebah bá ra ẹran, ó sè é nílé. Omi ẹran lásán ló ń fẹ́, láìsí ata, láìsí iyọ̀, torí iyọ̀ lè pa bakitéríà náà. Ó fi í sórí iná, ó wọ yàrá lọ kírun alásàrí.

Òórùn ẹran ló gbé Ìyá Hikmat, aládùúgbò rẹ̀, wọlé. Ìyá Hikmat kì í kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n ta ọbẹ̀ sátẹ́lẹ́wọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì fajú ro. Àánú opó náà ṣe wọ́n. Wọ́n bu iyọ̀ sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan.

"Ìyàwó, o ti dáná lónìí. Àlùhámúdù lílàhí," ni wọ́n wí bí Mujeebah ti jáde. "Ọbẹ̀ rẹ tẹ́, mo ti bá ọ tún un ṣe."

Mujeebah kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà."

Inú bí i, ojú sì tì í pé inú bí i sí ẹni tó ṣàánú rẹ̀. Àwọn alápatà ti palẹ̀ mọ́, kò lè rí ẹran mìíràn rà. Ó sẹ́ omi ẹran náà, ó bomi là á kí iyọ̀ rẹ̀ lè dínkù, ó tún un sè, ó jẹ́ kó tutù, ó sì da gbogbo ohun tó kù nínú ìgò sí i.

Bí bakitéríà bá yè, omi rẹ̀ á dàrú bí omi ògì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi náà mọ́ gaara. Mujeebah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ìyá Hikmat tún yọjú. "Ṣé o jẹun yó lánàá?"

"Ìyá, Mùkáílà ti kú."

Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn. Ẹnu Mujeebah ni kò tíì sọ ọ́ rí. Ìyá Hikmat bọ́ bàtà, wọ́n sì jókòó tì í.