Ẹni Tó Tiná Bọ Àká

"Òun ni, sà."

Ohun tí Ọlábọ̀dé sọ níwájú gbogbo ilé ìwé nìyẹn, tó sì na ìka sí Gbádébọ̀. Kíláàsì karùn-ún ni àwọn méjèèjì wà nígbà náà, ní Òkè-Agbede, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọlábọ̀dé ló ń sun òkété nídìí àká àgbàdo ilé ìwé tí iná fi ràn mọ́ ọn. Gbádébọ̀ ló sáré fi ọwọ́ lásán fa koríko tó ń jó kúrò lórí àká. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló jóná? Ọwọ́ Gbádébọ̀ ni. Ọ̀gá ilé ìwé wo ọwọ́ tó bó yẹn, ó wo ìka tí Ọlábọ̀dé nà, ó ní ẹjọ́ ti parí. Wọ́n na Gbádébọ̀ bí ẹni ń lu aṣọ òfì, wọ́n sì lé e kúrò nílé ìwé. Ojú ti baba rẹ̀. Kò bi ọmọ léèrè ohunkóhun tó fi fà á lé bíríkìlà kan lọ́wọ́ l'Ékòó. Láti ìgbà náà, Gbádébọ̀ ò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú yẹn mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé yìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àga tó kẹ́yìn pátápátá ló jókòó lé, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan nítòsí Becontree Heath, nílùú ọba tó ń gbé. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ti gbogbo èèyàn, nítorí wọn kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Ọlábọ̀dé ti di aṣòfin l'Ábùjá. Òun ni ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Agbede pè kó wá jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó wà nílùú ọba.

Wùnmí, ìyàwó Gbádébọ̀, rọra fi ìgúnpá gbún un.

"Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní jà o."

"Ṣé mo ti jà ni? Mo jókòó."

"Ìjókòó yín yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ àtọdúnmọ́dún! Ẹ ò bá ti gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú lẹ máa ń gbàgbé."

"Gàm̀bàrí," ni Wùnmí wí, bó ti máa ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Gàm̀bàrí náà ló fẹ́ ẹ."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ Òkè-Agbede. Kò wá sí ìpàdé wọn rí. Bàbá Ọmọ́ṣọlá tó ń mọ ilé fún wọn ní Goresbrook ni wọ́n mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e wá: ó fẹ́ kí Ọlábọ̀dé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, níwájú èèyàn, pé òun lòun tiná bọ àká náà. Kò fẹ́ owó, kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀.

Sylvanus, alága ẹgbẹ́, fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé àlejò lọ́wọ́. Ọlábọ̀dé ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun, ẹnu rẹ̀ sì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, owó tó ń wọlé fún ẹkùn àríwá Kwara kì í ṣe kékeré. Ibi tó ń gbà lọ ni ẹjọ́. Nígbà tí mo wọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó ẹkùn wa, wọ́n fẹ́ fi owó ọdún yẹn kọ́ afárá síbi tí kò sódò." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Mo ní rárá o! Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́. Mo sì gbé àbá òfin kan kalẹ̀, pé kò sí ọ̀gá ilé ìwé kankan lẹ́kùn wa tó gbọ́dọ̀ lé ọmọdé dànù mọ́, àfi tí wọ́n bá gbọ́ tẹnu ọmọ náà níwájú àwọn òbí rẹ̀."

Àtẹ́wọ́ sọ. Gbádébọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ta ni ọkùnrin yìí ń gbèjà báyìí?

"Ẹ jẹ́ ká wo èyí tá a kọ́ sílé," ni Ọlábọ̀dé wí.

Ọmọ́ṣọlá, ọmọ Gbádébọ̀ obìnrin, ni ṣọ́ọ̀ṣì fi sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ nǹkan. Àwòrán ilé gígùn kan hàn lára ògiri, wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ún. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé: ILÉ ÌWÉ ÌRÁNTÍ OLÓÒGBÉ GBÁDÉBỌ̀ ADÉṢỌLÁ.

Ọmọ́ṣọlá yíjú padà. "Dádì! Orúkọ yín nìyẹn now. Mọ́mì, kí ni olóògbé?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wùnmí fò sókè. "Pa á! Ọmọ́ṣọlá, pa nǹkan yẹn! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Gbádébọ̀ ti dìde.

"Ta ló kú?"

"Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Sylvanus wí. "Àkókò ìbéèrè ń bọ̀."

"Mo ní ta ló kú?"

Ó rìn lọ síwájú, ó sì ń ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè bó ti ń lọ. Àpá iná náà gba ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó rí ṣákaṣàka bí èèpo igi. Àpá yẹn ni Ọlábọ̀dé kọ́kọ́ rí kó tó wo ojú. Gbohùngbohùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri, tí àwòrán ilé ìwé náà fi tàn sí i lójú.

"Gbádé? Wọ́n ní o ti kú."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìlú. Nígbà tí baba rẹ kú, a retí rẹ létí sàréè. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀. A dúró títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn àgbà ní ikú nìkan ló lè dá àkọ́bí dúró níbẹ̀. Àbúrò rẹ ló bu yẹ̀pẹ̀ náà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní olóògbé."

Ó ṣe Gbádébọ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Orí àkàbà ló wà ní Rush Green lọ́jọ́ tó gbọ́ ikú baba rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní ẹni tí kò bi òun léèrè kó tó lé òun jáde, kí ẹlòmíì lọ sin ín. Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé lọ́jọ́ ìsìnkú náà gan-an ni wọ́n sin òun náà mọ́ ọn.

Ọlábọ̀dé ló kọ́kọ́ mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó di èjìká Gbádébọ̀ mú. "Ọlọ́run tóbi! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ mi! Gbádé, wá, jẹ́ ká wọ yàrá lọ́hùn-ún ká sọ̀rọ̀. A máa ha olóògbé yẹn kúrò, orúkọ rẹ á dúró."

"Kí lo fi orúkọ mi ṣe lára ilé ìwé?"

"Ìrántí ni. Ọ̀rẹ́ ṣáà ni wá."

"Ṣé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ tó kú lo ń kọ́lé ìwé fún?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé e mì. Wùnmí ti dé iwájú. Gbádébọ̀ rò pé ó wá fa òun lọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí.

"Ọnọ́rébù, ẹ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá ṣègbéyàwó, ọkọ kàn bá a wá ni."

"Ẹ̀yin ará, fóònù ń ká wa sílẹ̀ o!" ni Sylvanus ké. "Wọ́n ń wò wá nílé o! Ìdìbò ń bọ̀!"

Gbádébọ̀ ò wo fóònù kankan. "Òkú kì í béèrè ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tó o fi kọ́lé fún òkú. Èmi wà láàyè. Níwájú gbogbo ilé ìwé lo ti sọ àkọ́kọ́, níwájú àwọn èèyàn yìí ni kó o ti sọ èyí tó kù. Ta ló tiná bọ àká?"

Ọlábọ̀dé wo àwọn fóònù tí wọ́n gbé sókè. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ lásán, bí wọ́n ti jọ dúró lórí pápá ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó sọ nǹkan kan sábẹ́ ètè.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ni Gbádébọ̀ wí.

Ọnọ́rébù kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tó wà níwájú ọ̀gá ilé ìwé.

"Iná mi ni. Gbádébọ̀ fẹ́ pa á ni. Èmi ni, sà."