Àmì Ìdọ́gba Méjì

Carine kò lè jókòó. Láti ìgbà tí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Houinmè ti pè é láàárọ̀ ló ti ń dìde, tó ń jókòó, tó ń ṣí kọ̀ǹpútà, tó tún ń pa á dé. Òun ló kọ ojú ewé tí àwọn aláìsàn fi ń wo èsì wọn lórí fóònù. PHP ló fi kọ ọ́, èdè kọ̀ǹpútà tí Judicaël, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, kì í yé fi ṣẹ̀sín.

"Èdè tó ń bá èèyàn ro ohun tí èèyàn ò ní kó rò," ni Judicaël máa ń wí. "Á dójú tì ẹ́ lọ́jọ́ kan."

Ọjọ́ náà ti dé. Nọ́ńbà àyẹ̀wò obìnrin kan ni 0E15; ti ìyá àgbà kan ní Adjarra, Morẹ́nikẹ́, ni 0E27. Lójú èèyàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àmì ìdọ́gba méjì ni Carine fi bi PHP bóyá wọ́n jọra. PHP ka E sí àmì ìṣirò, bíi pé kí a fi mẹ́wàá sọ òdo di púpọ̀ léraléra; ó sọ nọ́ńbà méjèèjì di òdo, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmì mẹ́ta, tó ń wo nọ́ńbà gan-an bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ni ì bá fi bi í. Ó ti tún un ṣe, kò tó ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ìyá Adjarra ti ka èsì ẹlòmíràn, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé mọ́.

Carine gun ọ̀kadà zémidjan lọ sí Adjarra. Ó bá Morẹ́nikẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tíì olóyinmọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Èmi ni mo kọ ohun tí ẹ fi wo èsì yín."

"Háà, ọmọ mi! Ọlọ́run á bù kún ẹ. Àtọ̀gbẹ ti lọ! Mo ti da oògùn nù láti Sátidé."

Carine kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe tiyín lẹ kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni."

Ìyá rọra gbé ife sílẹ̀. "Tèmi ńkọ́?"

"Dókítà ń dúró dè yín ní Houinmè."

"Ó burú nìyẹn."

Carine ràn án lọ́wọ́ dìde, wọ́n sì jọ lọ.

Ní ilé àyẹ̀wò, ó ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ìyá fi jáde, ìwé oògùn lọ́wọ́.

"Wọ́n ní kò tíì pẹ́ jù," ni ìyá wí. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ìwọ, o tiẹ̀ ti jẹun lónìí?"