Iṣẹ́ Tí Ẹsẹ̀ Kì Í Kúrò Nílẹ̀

Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin télọ̀ kan. Kó tó sọdá títì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún gbójú sókè, bí ẹni pé ọkọ̀ lè já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti lò láyé, kò sì sí ọ̀kan nínú ohun tó ń bẹ̀rù tó ṣẹlẹ̀ sí i rí. Òun a máa sọ pé ẹ̀rù ọ̀hún gan-an ni kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ pa, nítorí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ làwọn èèyàn ń rà báyìí. Láti ìgbà náà ni Rọra ti di ẹni àga ìdí fèrèsé. Á jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, á máa rán bọ́tìnnì tí kò já. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, kì í sọ̀rọ̀ sí i. Ó kàn máa ń gbá abẹ́ àga náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ ogun òfurufú ní bárékè, gbé fọ́ọ̀mù kan wá.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ń gba èèyàn níbi iṣẹ́ wa. Ẹni tí kò tíì pé márùnlélógójì ni wọ́n ń fẹ́."

"Ó ku oṣù méjì kó pé," ìyàwó ló dáhùn. "Lẹ́yìn ìyẹn, àga ìdí fèrèsé títí ayé."

Rọra ti fọwọ́ kan ìwé náà, ó tún yọwọ́ kúrò. "Ṣé ọmọ ogun ni?"

"Ọmọ ogun òfurufú."

"Òfurufú tún kẹ̀. Bí ẹni pé èyí tó wà nílẹ̀ ò tó èèyàn bẹ̀rù."

Ìyàwó rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù náà, torí Rọra ò kàwé kọjá pámárì, bó bá sì ń kàwé, ńṣe ló máa ń fìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má baà sá. Ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo lèèyàn lè mú. Bó bá ti mú un, kò sí àyípadà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì máa gba fọ́ọ̀mù náà padà.

"Awakọ̀ òfurufú," ìyàwó kà.

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Nínú ilé yìí, ìyàwó ló ń gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù iná. Ti Rọra ni pé kó di ẹsẹ̀ àga mú, kó sì dijú.

"Fo ìyẹn," Rọra ní.

"Ẹni tó ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe."

Ó rò ó. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná, òun nìkan ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sídìí èyí tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. "Bí mo bá tú ẹ́ńjìnnì, tí mo tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ńkọ́? Mi ò ní sùn títí ọkọ̀ ọ̀hún á fi gbó."

"Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, tó ń gbébọn."

"Òjìji ara mi ni màá kọ́kọ́ yìnbọn lù."

"Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ ọ̀tá hàn."

Àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Bí ẹyẹlé kan bá kọjá pẹ́rẹ́, Bọ̀ọ̀dá á ti jí gbogbo ìlú."

"Ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí."

"Ìyẹn ò burú," Rọra sọ jẹ́jẹ́. "Inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí."

"Olówó orí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agboòrùn dání nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Òjò lẹ ó máa pè lójoojúmọ́, ọkọ̀ kankan ò sì ní gbéra mọ́."

Rọra yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Iṣẹ́ tìrẹ yẹn ńkọ́?"

"Rárá o. Ẹ ó máa tọ́ ọbẹ̀ wò nítorí iyọ̀ títí ìkòkò á fi gbẹ. Kí làwọn ṣọ́jà á wá jẹ?"

Ó ku ẹyọ kan nísàlẹ̀ ìwé. Ẹni tó ń rán páráṣúùtì tó sì ń ká a, agboòrùn ńlá táwọn tó bẹ́ jáde nínú ọkọ̀ òfurufú fi ń balẹ̀.

"Aṣọ ni?" Rọra béèrè.

"Aṣọ ni."

"Níbo ni wọ́n ti ń ká a?"

"Lórí tábìlì gígùn kan," àbúrò rẹ̀ ní. "Èmi ni mo máa ń gbé tíì lọ fún wọn."

"Ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀?"

"Sálúbàtà ni wọ́n tiẹ̀ ń wọ̀."

Ara Rọra wálẹ̀. Ogun tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ jà, lórí ìjókòó, nínú sálúbàtà. Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ fi sàmì sí i, ó wò ó títí, kó tó wá fi báírò tẹ̀ lé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́rin ni wọ́n pè fún ìdánwò. Sájẹ́ǹtì obìnrin kan, kúkúrú, tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ló wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n rán okùn èjìká, wọ́n rán an. Ó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ká páráṣúùtì. Okùn méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà lára rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kà á pé, ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ kọjá lórí èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú àpò, tí ẹni tó ká a á kọ orúkọ rẹ̀ sínú páálí kékeré, á kì í bọ inú àpò náà, á sì gbé e sórí pẹpẹ. Ọkùnrin kan tó ti ń rán tẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ ń súfèé bó ṣe ń ká tiẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ṣetán. Rọra ló kẹ́yìn.

"Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé," Sájẹ́ǹtì sọ. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, láìsọ tẹ́lẹ̀, màá mú àpò kan lórí pẹpẹ yìí, màá ka orúkọ tó wà nínú rẹ̀. Olórúkọ á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á wọ ọkọ̀ òfurufú, á bẹ́ jáde. Èmi náà ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ohun tí ọwọ́ ẹ ká, tí o ò lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ara ẹ, má ká a fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí kò bá wù, ilẹ̀kùn nìyẹn."

Rọra ka àwọn iṣẹ́ yòókù lọ́kàn. Ẹ̀ṣọ́ kì í bẹ́. Alásè kì í bẹ́. Ẹni ojú ọjọ́ wà lórí àga rẹ̀. Òun tó ń rí ewu kí ewu tó gbéra nílé, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tí wọ́n fi òfurufú pamọ́ sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó sá fún òjò, ó kó sódò. Ó mú fìlà rẹ̀, ó kí Sájẹ́ǹtì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bọ́ síta.

Ó ti ń rí géètì lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí okùn méjìdínlọ́gbọ̀n náà sọ sí i lọ́kàn. Ṣé ó kà á pé? Nígbà tó dé mọ́kàndínlógún, sísọ́ọ̀sì já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin onítẹ́ǹtì, òun sì ta gìrì. Ṣé ogún ló kà lẹ́yìn ìyẹn ni, àbí ó tún mọ́kàndínlógún kà? Àpò náà ti wà lórí pẹpẹ báyìí. Ẹnì kan máa gbé e kọ́. Rọra ò rí ojú ẹni náà. Èjìká rẹ̀ ló ń rí, torí èjìká ni télọ̀ fi ń mọ èèyàn.

Ó gbẹ́sẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ó yíjú padà.

"Mo rò pé ẹ ti lọ," Sájẹ́ǹtì ní.

"Mo ti lọ, mà. Àpò mi ni mo fẹ́ tú. Mo kàn fẹ́ kà á ni."

Ó tú u, ó kà á. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó kà á láti ìdí wá sókè. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó tún un ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi gbórí sókè, àwọn yòókù ti lọ, tíì ọwọ́ Sájẹ́ǹtì sì ti tutù.

"Ó pé?"

"Ó pé, mà. Ó ti pé tẹ́lẹ̀. Ẹ máà bínú."

"Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń ṣe nílé náà?"

"Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Iná ìdáná, ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ àpò náà pẹ̀lú ìka kan. "Ṣé ẹ lè gbé èyí kọ́ ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀rù á bà mí."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Rọra wo àpò náà títí. Kò rí àléébù kankan tó lè tọ́ka sí. "Mo lè gbé e kọ́," ó ní. "Ti bíbẹ́ ni ká má tíì sọ."

Sájẹ́ǹtì sún ìwé sí i. Rọra fìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí ó fi kà á tán, ó wá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tó délé, tó rò ó tán fún wọn, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìwọ mọ̀ pé wọ́n ń bẹ́?" Rọra bi í.

"Bí mo bá sọ, ṣé ẹ máa lọ?"

Rọra dìde. Ó wọ́ àga ìdí fèrèsé wá sí àárín yàrá, sábẹ́ gílóòbù, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀.

"Bá mi di ẹsẹ̀ àga mú," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Gílóòbù ò mà tíì jó."

"Mo mọ̀."

Ó gùn ún. Ó tẹ orí ba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjà jìnnà sí i ní ìgbọ̀nwọ́ méjì.

"Kí lẹ rí lókè yẹn?" ìyàwó bi í láti ìsàlẹ̀.

"Eruku."

Ó ti pinnu pé òun á ka méjìdínlọ́gbọ̀n kí òun tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé mọ́kàndínlógún, àbúrò rẹ̀ wúkọ́, kò sì dá a lójú mọ́ bóyá ó ti kà á tàbí kò tíì kà á. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.