Igi Abúlé Mama Margaret

Bí mo bá sọ fún Mama ńkọ́, tí àyà wọn já? Bí n kò bá sì sọ... Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Veronica ọmọ wọn sọ ọ́ lórí fóònù bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀: "Mujeebat, ìjì ti wó igi yẹn o. Bá mi sọ fún Mummy." Bá mi sọ! Ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún àgbà nìyẹn? Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún!

Omi tíì ò tíì hó. Kó má kánjú rárá.

Igi ńlá tí wọ́n ń pè ní yew, inú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn ní Kent... ó dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Ilé abúlé ọ̀hún kò pé ogójì, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i tí kò ní kan sáárá sí i? Afárá olókùúta tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Ilé alágbẹ̀dẹ níbi tí bàbá Mama ti fín ẹwìrì kó tó wá ṣe ọta ìbọn ní Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní London, èyí tí wọ́n ti sọ di fúláàtì, níbi tí Mama ń gbé, tí mo dúró sí yìí. Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọmọkùnrin mẹ́sàn-án tí ogun gbé lọ sí — ẹnìkan ṣì ń gbé òdòdó síbẹ̀ dòní! Wọ́n mọ ìtàn tọ́jú, ká má parọ́.

Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú Mama; àràárọ̀ tí mo bá ń ya irun wọn ni wọ́n máa ń fẹnu mú mi rin abúlé náà. Láti afárá, dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé ìdí igi.

Ìdí igi yẹn... Èmi ni mo ti àga oníkẹ̀kẹ́ wọn débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Inú rẹ̀ ti dihò, ibẹ̀ gba èèyàn méjì. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún bàbá mi. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú fi pa á mọ́ fún mi pé Alhaji ti kú. Mama ní, "Kí ló dé tí wọ́n pa á mọ́ fún ẹ, Muji?" Mo ní, "Wọn ò fẹ́ kí n dá gbọ́ ọ, Mama. Wọ́n dúró títí ẹ̀gbọ́n mi fi dé ilé mi ní Thamesmead." Mama kàn di ọwọ́ mi mú.

Omi ti ń hó.

Láàárọ̀ yìí, Ọlọ́run ló yọ mí. Nínú ìrìn ẹnu wa, a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Mama ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí, jẹ́ ká padà." Inú mi dùn! Lánàá náà, ibẹ̀ la ti padà. Níjẹta náà...

Ẹ gbà mí.

Michael tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yẹn kì í jẹ́ kí Sunday kọjá láìpe Mama lórí fóònù. Sunday sì ti kọjá. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n wá ń pa á mọ́ — fún ta ni? Ta ló tún kù nínú ilé yìí?

Wọ́n ń pè mí láti pálọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí: "Muji. Fi tíì yẹn sílẹ̀. Wá jókòó ná."

Yéè, Mama mi. Èmi ni wọ́n fẹ́ túfọ̀ fún... Mo ń nu ojú mi. Mo ń lọ jókòó, bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.