Fọ́tò Ìbejì Àwáwù

Misturat onífọ́tò, ní ìlú Ìsẹ́yìn, fi ojú ọmọ tó wà láàyè rọ́pò ojú ọmọ tó ti kú nínú fọ́tò ìbejì, kò sì sọ fún ìyá tó bí wọn.

Kì í ṣe ìkà èèyàn. Kámẹ́rà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà á, òun náà wá da ẹlòmíì.

Kámẹ́rà ńlá ni, irú èyí tí àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun ń lò. Bí èèyàn bá rọra tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, àpótí kékeré kan á tàn nínú ihò tí a fi ń wò ó. Ibi tí àpótí náà bá bọ́ sí ló yẹ kó mọ́ kedere, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá a rí. Fókọ́ọ̀sì làwọn onífọ́tò ń pè é. Nígbà ọyẹ́, Misturat gbé kámẹ́rà náà lọ sí ìgbéyàwó kan ní Ìgbẹ́tì. Ọ̀nà yẹn ò dáa. Ọ̀kadà gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń jọ èlùbọ́, eruku pupa sì wọ gbogbo ibi tí eruku lè wọ̀. Láti ìgbà náà ni ojú kámẹ́rà ti ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bó bá ń wá ohun tó fẹ́ wò. Á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún lọ. Misturat fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi aṣọ nù ún, ó ní ó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Kò lọ.

Lọ́sẹ̀ Iléyá, Àwáwù ìyàwó Mojeed kó ìbejì rẹ̀ wá. Táyé àti Kẹ́yìn ni wọ́n, ọkùnrin méjèèjì, wọn ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Mojeed ń hun aṣọ òkè, òun ló sì hun èyí tí wọ́n wọ̀.

“Ìyá Ramlah, ẹ tètè o,” Àwáwù wí fún Misturat. “Aṣọ wọn ò níí mọ́ ju báyìí lọ.”

“Ìyá Ìbejì, èwo ni Táyé nínú wọn? Àbí bàbá wọn náà ò mọ̀?”

“Bàbá wọn kẹ̀! Àná ló na Táyé lórí ẹ̀ṣẹ̀ Kẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kò burú, kí Táyé tọ́jú ẹgba náà dìgbà tóun náà bá ṣẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣì wọ́n mọ̀. Àwáwù nìkan ni kì í ṣì wọ́n. Lójú tirẹ̀, ojú àwọn ọmọ náà ò jọra rárá. Ó ní ẹni tó bá sọ pé wọ́n jọra kò tíì fara balẹ̀ wò wọ́n.

Misturat gbé wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ta aṣọ òkè sẹ́yìn wọn. Táyé na ọrùn síwájú, ó fẹ́ mọ ohun tó ń ké nínú kámẹ́rà. Kẹ́yìn fara ti aṣọ, ó ti ìka bọ ẹnu. Misturat gbé àpótí sí ojú Táyé, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sí ojú Kẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àpótí tàn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tó wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n gíláàsì yẹn kéré jù. Kò sí ohun tí kì í dára níbẹ̀.

Ìgbà tó kó àwọn fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà tó sì fẹ̀ wọ́n ló tó rí i. Irun ìpéǹpéjú Táyé ṣeé kà. Kẹ́yìn rí bàìbàì bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ooru omi gbígbóná. Bó ṣe rí nínú gbogbo wọn nìyẹn, títí kan àwọn tó jẹ́ pé ojú Kẹ́yìn gan-an ló gbé àpótí lé.

Kò sọ fún Àwáwù. Ó ní kò síná láti fi tẹ̀ wọ́n jáde, kó ní sùúrù. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, lọ́dọ̀ Jẹ́ẹ́dé tó ń tún kámẹ́rà ṣe.

Jẹ́ẹ́dé to agolo mílíìkì mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó gbé àpótí lé ti àárín, ó yà á. Ti iwájú ló mọ́ kedere.

“Ẹ rí i? Ọmọ tí wọ́n rán lọ sílé àárín ni kámẹ́rà yín, ilé tó kọ́kọ́ kàn ló yà sí. Ó wá padà délé, ó ní òun ti jíṣẹ́.”

“Ṣé ó ṣeé tún ṣe?”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ìgbà wo ló ti ń ké, tẹ́ ẹ wá ń mú un ya fọ́tò kiri?”

Jẹ́ẹ́dé tú ojú kámẹ́rà, ó yọ eruku rẹ̀. Ó wọ ibi kan nínú kámẹ́rà níbi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó máa sún fókọ́ọ̀sì sẹ́yìn díẹ̀. Ó yà á, ó wò ó, ó tún sún un. Nígbà tó yá, lẹ́tà ara agolo àárín mọ́ rekete.

Nínú mọ́tò, inú Misturat dùn. Ó ti pinnu pé òun á tún àwọn ọmọ náà yà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé tàkọ́kọ́ bàjẹ́. Kò tiẹ̀ délé kó tó yà sílé Àwáwù.

Òfì Mojeed dákẹ́. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹní. Wọn kì í sọ pé ìbejì kú, wọ́n á ní ó lọ sọ́jà. Ohun tí obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì sọ fún Misturat nìyẹn, pé Kẹ́yìn lọ sọ́jà. Kẹ́yìn kú. Ibà ló mú un, ibà di gìrì, wọn ò sì tíì dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Wọ́n ti sin ín.

Àwáwù rí Misturat, ó dìde.

“Ìyá Ramlah, fọ́tò wọn ńkọ́? Omi ti wọ fóònù Mojeed tó máa ń fi yà wọ́n, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ti ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wà?”

“Ó wà,” Misturat wí. “Ó dáa gan-an.”

Bó ṣe já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ọláyanjú lọ, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà ti ń ya fọ́tò kí kọ̀ǹpútà tó dé.

“Ọ̀gá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ tí fọ́tò rẹ̀ ò sí, kí lẹ máa ń ṣe láyé ìjọ́un?”

“Èyí tó kù la máa ń yà. A ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyá wọn á gbà á, á sì dúpẹ́.”

“Kò ní bínú?”

“Kí ni yóò bínú sí? Ṣebí òun ló ní ká ṣe é.” Ó wo Misturat lójú. “Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí? Ìyá ọmọ ni?”

“Mo fẹ́ sọ fún un.”

“Sọ fún un kó tó rí i o. Bó bá ti rí i tán, irọ́ ló dà.”

Misturat padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ojú Táyé tó mọ́, ó yí i sódì, ọ̀tún di òsì, kó má baà jọ ara rẹ̀ jù. Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbé e lé ibi tí Kẹ́yìn ti rí bàìbàì, ó fi ìka tí Kẹ́yìn tì bọ ẹnu sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ náà mọ́. Ó pa àwọn tó bàjẹ́ rẹ́ pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Ó tẹ fọ́tò náà jáde, ó sì fi í sínú férémù.

Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ka ohun tó máa sọ. Ṣùgbọ́n kó tó jókòó, Àwáwù ti gba férémù náà, ó ti gbá a mọ́ àyà. Ó wá gbé e jìnnà sí ara rẹ̀, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́.

“Kẹ́yìn rèé?”

“Òun ni.”

“Ó wá dà bíi pé…”

“Òun ni jàre,” Mojeed wí láti ìdí òfì. “Ẹkún ni kò jẹ́ kí o ríran. Má fi ọ̀rọ̀ dá obìnrin yẹn lágara.”

Àwáwù fi férémù náà kọ́ ògiri. Ó dúpẹ́. Misturat ò sọ èyí tó ti ń kà bọ̀ lọ́nà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Táyé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni Àwáwù tún wá, kí wọ́n ya ọmọ náà ní fọ́tò pélébé tí iléèwé ń béèrè. Kámẹ́rà ò ké mọ́. Táyé sá jáde lọ ṣeré, ìyá rẹ̀ ò sì dìde.

“Ìyá Ramlah, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀rọ wo ojú Kẹ́yìn gbẹ̀yìn. Báwo ló ṣe rí?”

“Ìyá Ìbejì, ṣebí fọ́tò wà lọ́wọ́ yín.”

“Ó wà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, ọkàn mi ní kì í ṣe òun. Mo bá ọkàn mi wí. Mo ní ìbànújẹ́ ni, mo ní fọ́tò ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ni mo bá ń wò ó lójoojúmọ́, kí n lè kọ́ ojú ọmọ mi padà. Mo ti kọ́ ọ o. Ní báyìí, bí mo bá di ojú tí mo pè é, Táyé ló ń jáde wá. Mi ò ṣì wọ́n rí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ títí, mi ò rí i.”

Misturat sọ fún un. Ó sọ nípa eruku, nípa fókọ́ọ̀sì, nípa ojú Táyé tó yí sódì. Àwáwù jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Bàìbàì náà ńkọ́?” ló béèrè. “Èyí tó bàjẹ́ yẹn. Ẹ fún mi ní bàìbàì náà.”

“Mo ti pa á rẹ́.”

Àwáwù dìde. Ó jáde, ó fa Táyé lọ́wọ́, wọ́n lọ. Nígbà tó délé, ó yọ férémù kúrò lára ògiri, ó sì dúró de ojú Kẹ́yìn kó padà wá. Kò padà wá. Ọmọ méjì ló bí, ó sin ọ̀kan, kò sì mọ ojú ẹni tó sin mọ́.