Kámẹ́rà Orí Àyà

Ọwọ́ òsì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Onífọ́tò ni Diméjì, Àbújá ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, Yorùbá tó ń gbọ́ sì pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ. Lọ́jọ́ kan tó lọ ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ ní Nyanya, màmá àgbà kan rí i pé òógùn ti bò ó, ó ṣàánú rẹ̀, ó bu omi tútù fún un nínú ife. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọ̀tún Diméjì, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn. Ló bá na ọwọ́ òsì. Kíá ni màmá fa ife padà.

"Èmi lo na ọwọ́ òsì sí? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí ni?"

Òùngbẹ ọjọ́ náà kò pa á tó ìtìjú. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń na ọwọ́ òsì síra wọn, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún Kíkẹ́lọmọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Wuse, ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́lọmọ kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Diméjì, má jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níwájú Dádì mi o. Dádì ò ní bi ẹ́ pé irú mọ́tò wo lo ń wà. Bó o ṣe kí wọn ni wọ́n máa wò. Tí ìyẹn ò bá ti dáa, ó parí nìyẹn, I'm serious."

Kò parọ́. Bàbá Adérónkẹ́ ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Àbújá nígbà èwe, ó sì gbé Ọ̀yọ́ dání wá, kò sọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ wá fẹ́ Kíkẹ́lọmọ rí. Ó wọ kóòtù, ó so táì, bàtà rẹ̀ ń dán, ó dé iwájú bàbá, ó na ọwọ́ kí àwọn jọ bọ ara wọn lọ́wọ́. Bàbá kàn ń wo ọwọ́ náà ni, títí ó fi padà sínú àpò ẹni tó ni ín. Kò tilẹ̀ béèrè orúkọ ọkùnrin náà. Bí ti ìyẹn ṣe parí nìyẹn.

Wàyí o, bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nílé wọn ní Kubwa. Kíkẹ́lọmọ ló ní kí Diméjì wá ya fọ́tò, kí bàbá lè rí i lẹ́nu iṣẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá tọrọ ìyàwó. Diméjì fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí débi pé ó ti ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀. Láràárọ̀, kó tó jáde, á nà gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá rẹ̀, á gbé àyà kanlẹ̀, á máa kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pé, "Ẹ káàárọ̀ sà." Nígbà tó yá, ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó wá ku kámẹ́rà. Bó bá gbé e sórí àga, ọmọ ẹnìkan á da zóbò sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Bó bá gbé e kọ́rùn, á máa fì dirodiro. Ó ti fi gbá bàbá ọkọ ìyàwó kan níwájú orí rí, níbi tó ti ń tẹríba kí i. Ohun tó ń wá ni kílíìpù, irin kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ara, tí kámẹ́rà á há sí, tí ọwọ́ méjèèjì á sì ṣófo.

Ìyẹn ló gbé e lọ sí ọjà Wuse, sí ṣọ́ọ̀bù Yàhàyá tó ń ta ohun èlò kámẹ́rà. Ọmọ Kánò ni Yàhàyá, ṣùgbọ́n àárín àwọn ará Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń tajà, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti Diméjì lọ.

"Sànnu, ọ̀gá onífọ́tò!"

"Yauwa. Kílíìpù ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi free."

Yàhàyá gbé oríṣi méjì sílẹ̀. Ọ̀kan, bẹ́líìtì ni wọ́n ń fi í sí, kámẹ́rà á wà ní ìbàdí. Èkejì, okùn báàgì ẹ̀yìn ni wọ́n ń dè é mọ́, kámẹ́rà á jókòó sórí àyà. Diméjì kọ́kọ́ dán ti ìbàdí wò. Ẹ mọ àwọn ọkùnrin tó tín-ín-rín tí wọn kò gbà pé àwọn tín-ín-rín. Ọ̀kan nínú wọn ni. Bẹ́líìtì rẹ̀, ẹwà lásán ló wà fún. Kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí kámẹ́rà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lọ sílẹ̀. Waliyat, tó ń ta ṣájà fóònù ní ọ̀ọ́kán, fi ọwọ́ bo ojú, ṣùgbọ́n ó la ìka.

"Bọ̀dá, ẹ fà á sókè o! Ọmọ ọlọ́mọ wà níbí!"

"Kílíìpù ò ṣe nǹkan kan," Yàhàyá ní. "Bẹ́líìtì yín ni kò lágbára. Ẹ wá bẹ́líìtì gidi."

Ojú ti Diméjì. Ó ní kí wọ́n gbé ti àyà wá, ó dè é mọ́ okùn báàgì rẹ̀, ó fi kámẹ́rà há a. Ó dún kó! Ó fò sókè, kámẹ́rà kò mì. Ó sáré dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń tò sí, ó sáré padà, kámẹ́rà ò kúrò lójú kan. Ó tẹríba, kò fì. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ látìmọ́lé, inú rẹ̀ sì dùn dénú.

"Ó dáa fún ìdúró," Yàhàyá ní, "ó dáa fún rúkúù téèyàn kàn ń tẹríba. Ṣùgbọ́n tó bá di sùjúdù, tí èèyàn fẹ́ forí kanlẹ̀, ẹ yáa yọ ọ́ o. Kai, for ground, e no good."

Diméjì rẹ́rìn-ín. "Alhaji, ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ. Mi ò kì í kírun."

Ẹni tó ń forí kanlẹ̀ lójoojúmọ́ ń kìlọ̀ nípa ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀, onítọ̀hún ń rẹ́rìn-ín! Ọwọ́ ni Diméjì ń rò. Kò rántí pé òun ní àyà. Nílé, ó ń dọ̀bálẹ̀ láìgbé kámẹ́rà, ó sì ń gbé kámẹ́rà kiri láìdọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò pa méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Nígbà tí Diméjì wọ ilé náà ní Kubwa, wọ́n ti ń gbàdúrà òwúrọ̀ lọ́wọ́ nínú pálọ̀, gbogbo ojú wà ní dídì. Kò sí ìkíni kankan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kámẹ́rà sójú. Bàbá Adérónkẹ́ gbé ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lórí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí obìnrin náà, tó bá a jẹ ẹ̀bà gbẹrẹfu nígbà tí owó oṣù kò wá, tí kò sì fi í gún un lára rí. Omijé ń dà lójú màmá. Omijé ń dà lójú bàbá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn, kò sẹ́ni tó rí i àfi Diméjì. Ó yà á.

Wọ́n ṣe àmín. Bàbá lajú, ó rí àlejò.

"Dádì, Diméjì nìyí," Kíkẹ́lọmọ sọ.

Diméjì fi kámẹ́rà há àyà. Kó! Ọwọ́ méjèèjì ṣófo. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló wo ìsàlẹ̀. Ojú kámẹ́rà rèé, ó kọjú sí táìsì ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó kù díẹ̀ kó fẹnu kò ó.

Ó dúró sáàárín. Àyà kò kanlẹ̀, ara kò sì dìde. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Háà," bàbá ní, "ẹ wá wo ọmọ Àbújá. Mo ní kó kí mi, ó ń ṣe eré ìdárayá."

"Wan! Tuu!" Bọ́lájí, àbúrò bàbá, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un bíi sójà, pálọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Kíkẹ́lọmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rí ọwọ́ ọkùnrin tó padà sínú àpò.

Kí ni kí Diméjì ṣe? Bó bá dìde, ìyàwó ti lọ. Bó bá lọ sílẹ̀, kámẹ́rà á fọ́, àdúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sì wà nínú rẹ̀. Apá rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Kàkà kó fi àyà lu ilẹ̀, ó yí gbìrì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kanlẹ̀. Okùn báàgì fún un lọ́rùn. Ó tún yí gbìrì, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì kanlẹ̀.

Ẹ̀rín dá.

"Ó yíìká," bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Yíìká ọ̀tún, yíìká òsì. Ìyá Adérónkẹ́, ṣé o rí i? Bí wọ́n ṣe ń kí ọba nílé wa nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá yìí, ta ló ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí?" Ó fà á dìde fúnra rẹ̀. Àdúrà tó gbà fún un gùn ju ti òwúrọ̀ lọ.

Diméjì lajú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi adé lé lórí ní àṣìṣe. Kò mọ ohun tí yíìká ń jẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé kámẹ́rà kò fọ́, wọn kò sì lé òun, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn. Wọ́n fún un ní ẹran tó tóbi jù. "Ọmọ Ọ̀yọ́ gidi" ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Ìjẹ̀bú ni bàbá tó bí i. Lójú rẹ̀ ni bàbá ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Bí inú bàbá ṣe ń dùn tó ni ẹran náà ń ha Diméjì lọ́fun.

Nígbà tó di ọ̀sán, Alàgbà Jọlá, ọ̀rẹ́ bàbá láti kékeré, dé. Bàbá pariwo pe Diméjì.

"Ọmọ mi, wá kí bàbá rẹ, bí o ṣe kí mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n gbé ẹrù yẹn sílẹ̀ ná, kó o lè ṣe é dáadáa."

Kíkẹ́lọmọ gba báàgì àti kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Diméjì bọ́ síwájú, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àyà kanlẹ̀, agbọ̀n kanlẹ̀, bó ṣe máa ń kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó dára lójú gan-an. Ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá ń retí. "Ó yá, yíìká."

Diméjì kò mira.

"Diméjì, yíìká ńkọ́?"

Ó lè ti yí gbìrì, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń bi í yìí, ó ti rí omijé rẹ̀ láàárọ̀, kò sì lè fi irọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ ń ta gẹ́gẹ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò mọ yíìká. Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Kámẹ́rà wà láyà mi, tí mo bá lie down, ó máa fọ́. Ìyẹn ni mo ṣe yí. Kílíìpù ti ìbàdí wà, bẹ́líìtì mi ni ò lè gbé e. Ẹ má bínú, sà."

Bọ́lájí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Kíkẹ́lọmọ di kámẹ́rà mọ́ra, ó ti ń sunkún.

Bàbá wo kámẹ́rà lọ́wọ́ Kíkẹ́lọmọ. "Kí ló wà nínú kámẹ́rà náà?"

"Fọ́tò yín ni, sà. Yín àti Mummy."

"Dìde, gbé e wá."

Diméjì fi hàn án. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ìyàwó rẹ̀. Ó wo omijé tó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí. Ó pe màmá, àwọn méjèèjì jọ wò ó, màmá sì fi etí gèlè nu ojú.

"Nígbà tí o ń ṣubú lọ níwájú mi," bàbá ní, "tí gbogbo ilé ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ṣé èyí lo ń dáàbò bò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi orí. Ó yíjú sí Kíkẹ́lọmọ. "Lọ sí yàrá mi. Bẹ́líìtì dúdú tí mo fi ń lọ sí ọ́fíìsì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mú un wá."

Ó mú un wá. Awọ gidi ni, ó fẹ̀, ó nípọn, gbogbo ọdún iṣẹ́ ìjọba kò rí i gbé ṣe.

"Èmi ò lọ sí ọ́fíìsì mọ́," bàbá ní. "Gba èyí, kó o lọ wá kílíìpù ti ìbàdí. Ẹni tó ń ṣubú tó ṣì ń ṣọ́ ohun tó gbé, mo lè gbé ọmọ mi fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ bá wá tọrọ rẹ̀, àyà ni mo fẹ́ rí nílẹ̀ o!"

Ilé tún bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Diméjì kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á.